Òkè Tí Ìtàkùn Bò

Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí orí àga ló ti ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó wà lójú ọ̀run. Àwòrán tí sátẹ́láìtì bá yà á wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, òun á wọn ibi tí ewé bò nínú rẹ̀, á kọ iye rẹ̀, á fọwọ́ sí i. Ibi tó bá ti pé ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ilé iṣẹ́ á ní igbó ibẹ̀ ti dúró dáadáa, wọn á kó àwọn tó ń ṣánko níbẹ̀ lọ síbòmíràn.

Lọ́dún tó kọjá, òkè tí bàbá rẹ̀ fi ogún ọdún gbin igi sí ló wọ̀n. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Òfin iṣẹ́ wọn ni pé ẹni tó bá wọn ilẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò jẹ́ kó lọ. Ta ló tún ń wá ẹ̀rí lórí ilẹ̀ bàbá ẹni? Bàbá lẹ ìwé náà mọ́ ògiri pálọ̀. Àlejò kan kò lè mu omi tán kí wọ́n tó fi hàn án.

Lọ́dún yìí, iye náà di mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ara fu Ojú Àwòdì. Igi kì í sáré tó bẹ́ẹ̀. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó mú àdá, ó kọrí sí òkè.

Ìtàkùn ló bá níbẹ̀. Ó ti gun àwọn igi, ó bo orí wọn, ó na ewé rẹ̀ láti orí ọ̀kan dé òmíràn. Nígbà tó lanà wọ abẹ́ rẹ̀, igi gbígbẹ ló ń rí. Lójú sátẹ́láìtì, ewé ni gbogbo ewé ń jẹ́. Ìwé tí òun fọwọ́ sí ló lé àwọn aṣánko lọ, òun ló pa àwọn igi náà. Ó sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran: ó ka àwọn tó ṣì wà láàyè títí ọ̀sán fi pọ́n.

Bàbá wà lójú fèrèsé nígbà tó wọlé, ó na orúnkún tí kò jẹ́ kó gun òkè mọ́ síwájú.

“Ọmọ mi, káàbọ̀. Wo bó ṣe tutù yọ̀yọ̀! Mélòó ló di?”

Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò.

“Igi mẹ́tàlélógún péré ló ṣì wà láàyè, Bàbá. Ìtàkùn lẹ̀ ń wò yẹn. Mi ò wá wò ó lọ́dún tó kọjá kí n tó fọwọ́ sí i. Èmi ni mo fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

Bàbá gbójú kúrò ní fèrèsé.

“Ìròyìn ò tó àfojúbà, ìwọ wá jókòó sójú ọ̀run. Ṣé ọ̀gá ẹ ti gbọ́?”

“Ọ̀la ni màá sọ fún wọn.”

“Wọ́n á bú ẹ.”

“Wọ́n á bú mi, sà.”

“Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.”

Ojú Àwòdì lọ láti já ìwé náà kúrò lára ògiri.

“Fi í sílẹ̀! Kọ tuntun wá, ká lẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Gbogbo èèyàn ni mo fi ti àkọ́kọ́ hàn. Wọ́n á rí èyí náà.” Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. “Àdá mi wà níbẹ̀. Ó ti kújú. Pọ́n ọn, mẹ́tàlélógún ṣì ń mí.”

Ojú Àwòdì mú àdá náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn.