Àwa Mẹ́ta Tó Gbọ́ Yorùbá ní Leipzig

Mo tẹ́ aṣọ ìbùsùn funfun sílẹ̀ nínú kíṣìnì, mo sì da gbogbo bébà inú bíìnì aláwọ̀ búlúù lé e lórí. Ọjọ́ Tuesday ni wọ́n máa ń wá kó bíìnì náà ní Openshaw, àdúgbò wa ní Manchester, àárọ̀ Monday sì lèyí. Rẹ̀mílẹ́kún ìyàwó mi ti lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó. Kò ní dé títí di agogo mẹ́ta.

Ohun tí mò ń wá ni ìwé tí àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ ìjọba Kọ́múníìsì kọ nípa mi ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Leipzig lọ́dún 1989. Títí dòní, ẹni tí wọ́n bá ṣọ́ nígbà náà lè kọ̀wé sí Berlin kí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí i. Ọdún méjì ni mo fi dúró. Ímeèlì kan wọlé, ó ní wọ́n ti já a sílẹ̀ nílé wa ní Saturday. Rẹ̀mí ní òun ò rí i. Àfi bí mo ṣe lọ da páálí nù láàárọ̀, tí mo rí igun àpòòwé kan tí sítáǹbù Jámánì wà lára rẹ̀.

Ẹni tó bá fa bébà ya máa ń rò pé ó parí. Kò parí. Bébà ní ìṣàn bíi pákó: tó o bá fà á lóòró, á ya tààrà; tó o bá fà á níbùú, á máa yà bàrà kiri. Rẹ̀mí kó ìwé mẹ́jọ pọ̀, ó fà wọ́n ya lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ rẹ̀ le. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń gbé arúgbó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n torí pé ó fà wọ́n pọ̀, ègé mẹ́jọ-mẹ́jọ ló ní ojú yíya kan náà. Mo kó àwọn tó jọra sójú kan. Mo wá yẹ lẹ́tà wọn wò. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì ni wọ́n fi tẹ̀ wọ́n, lẹ́tà e ti ọ̀kan kì í dé orí ìlà. Ìyẹn nìkan pín iṣẹ́ náà sí méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ láti igun wá sáàárín.

Sheriffdeen ló jẹ́ kí n kọ̀wé yẹn.

Nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Leipzig, àwa mẹ́ta péré ló gbọ́ Yorùbá: èmi, Sheriffdeen ọmọ Ìlọrin tá a jọ ń gbé yàrá, àti Rẹ̀mí tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ràn ọmọ Jámánì kan, Katrin. A pinnu pé ó máa wọ ọkọ̀ ojú irin gba Prague lọ sí Hungary, níbi tí ẹnubodè ti ń dẹ̀, kó lè sá jáde, torí ìjọba wọn ò gbà kí ọmọ ìlú kúrò. Gbogbo ètò yẹn, èmi àti Sheriffdeen fi Yorùbá sọ ọ́ ni, a ò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. A gbà pé Yorùbá ni àgádágodo wa, kò sí ọmọ Jámánì tó ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀.

Wọ́n mú Katrin nínú ọkọ̀ náà. Orí àga tó jókòó sí gan-an ni wọ́n lọ bá a.

Rẹ̀mí ló sọ fún mi pé òun rí Sheriffdeen tó ń jáde ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ náà. Mo gbà á gbọ́. Abọ́ kan náà lèmi àti Sheriffdeen fi ń jẹun tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn n kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ní November, odi Berlin ṣí. Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ti Katrin mọ́lé, gbogbo ìlú ń fi ẹsẹ̀ rìn ṣe é, wọ́n gbé ọmọ sí èjìká. Wọ́n ti tú Katrin sílẹ̀. Mo rí i níwájú ibùdókọ̀, mo pè é. Ó wò mí, ó sọdá sí òdìkejì títì. Èmi ló rò pé mo tú àṣírí òun.

Lọ́dún kejì, mo fẹ́ Rẹ̀mí.

Sheriffdeen náà wá sí Manchester nígbà tó yá. Ogún ọdún la fi ń kọjá lára wa ní Stockport Road, ní Levenshulme, bí ẹni tí kò mọra rí. Lẹ́yìn náà ni jẹjẹrẹ mú un, ó sì rán Azeemah ọmọ rẹ̀ sí mi pé kí n kọ̀wé sí Berlin, kí n lè rí ẹni tó tú àṣírí wa. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà tún pè mí láti ọsíbítù.

"Ẹ káàsán, Uncle. Àwọn dókítà ní it's days now. Dad ń bi mí lójoojúmọ́ pé ṣé ìwé yẹn ti dé."

Nígbà tó di agogo méjì, ojú ewé karùn-ún pé. Ó kà báyìí:

"Olófófó wa, tí orúkọ àṣírí rẹ̀ ń jẹ́ Birgit, ní òun ń fọ abọ́ nínú yàrá wọn nígbà tí Adéoyè àti Sheriffdeen ń fi èdè wọn sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ Thursday ni, kọ́ọ̀ṣì kẹfà. Sheriffdeen bẹ ẹnìkejì rẹ̀ pé kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, pé wọ́n á ti ọmọbìnrin náà mọ́lé. Adéoyè kọ̀."

Àwa ọkùnrin méjèèjì ń sọ̀rọ̀. Ẹnì kẹta tó gbọ́ Yorùbá ń fọ abọ́. Mo kà á títí, mo tún un kà.

Rẹ̀mí ṣílẹ̀kùn ní agogo mẹ́ta kọjá.

"Bàbá Jọlá, kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀?" Ó rí aṣọ ìbùsùn náà. Ó dúró.

"Ọdún márùndínlógójì lo ti wà lọ́dẹ̀dẹ̀ mi," mo ní. "Ò ń wò mí tí mò ń tún aago tí wọ́n gbé jù sórí ààtàn ṣe. Bébà lo wá fọwọ́ fà ya. Ṣé kò sí ìṣáná nílé yìí ni?"

Ó jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. "Mo fẹ́ sun ún. Ẹ ti kan àláàmù èéfín mọ́ gbogbo yàrá."

"Kí ni wọ́n fún ẹ?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn á kàn mú Katrin sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, àwọn á dá a padà sílé ìyá ẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fẹ́. Ẹ ò tiẹ̀ rí mi. Abọ́ yín ni mò ń fọ̀."

"Ti Katrin yé mi. Ti Sheriffdeen ńkọ́?"

Ó tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. "Ẹ̀ ń wá ẹni tó ṣe é. Tí mi ò bá dárúkọ ẹ̀, ojú mi lẹ máa wò."

"Ó ń kú lọ, Rẹ̀mí."

"Mo mọ̀. Mo rò pé tó bá ti lọ, ó tán nìyẹn."

Mo fi ojú ewé karùn-ún sínú fáìlì.

"Ṣé ẹ máa padà wálé?" ó bi mí.

Mo wọ bàtà mi, mo jáde. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo wọ̀ dé ọsíbítù ní Oxford Road.

Sheriffdeen ti gbẹ, ojú rẹ̀ nìkan ló ṣì tóbi. Azeemah dìde, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo na ìwé náà sí bàbá rẹ̀, ó mi orí.

"Kà á ní German kọ́kọ́. Mo fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́."

Mo kà á ní German, mo wá fi Yorùbá sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tó ti bẹ̀ mí, ó gbé ìka sókè.

"Tún ìyẹn kà."

Mo tún un kà.

"Rẹ̀mí ni," ó ní.

"Òun ni."

Ó fi ìka tọ ojú ibi tí mo lẹ̀. "Kò sí àlàfo kankan. Ọwọ́ ẹ ò tíì yẹ̀."

"Wákàtí márùn-ún ló gbà."

"Oyè, mẹ́rìndínlógójì ọdún ló gbà."

Azeemah ti gba ìwé náà, ó ń wò ó. Mo na ọwọ́ mi sí Sheriffdeen. Ó wò ó, ó sì fa tirẹ̀ sábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Fa àga fún un," Sheriffdeen sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ó lè jókòó."