Orúkọ Màmá Lórí Rédíò

"Màmá, ta ló ni tíkẹ́ẹ̀tì yìí?"

Ìyá ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára rédíò. Ó ní òun ni, ó sì béèrè bóyá wọ́n ti fa nọ́ńbà tòní.

Wọ́n ti fà á. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ju ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí lọ? Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ni lótò náà, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń ṣọ́ wọn, òun sì ni ìjọba ń rán. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, òun ló ń gbé bọ́ọ̀lù onínọ́ńbà lé òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ọ̀kan má baà fúyẹ́ ju èkejì lọ, òun náà ló ń fi òǹtẹ̀ di ẹ̀rọ. Ọdún mọ́kànlá rèé, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àfi bó ṣe bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà lónìí, tó rí ìwé pélébé kan lórí tábìlì, tí márùn-ún nínú nọ́ńbà mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú ara rẹ̀ rí. Ẹ̀bùn kejì nìyẹn.

Òfin ọ́fíìsì wọn ò fi igbá kan bọ̀kan nínú: òṣìṣẹ́ ò gbọdọ̀ ra lótò, ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé lábẹ́ òrùlé rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ rà á. Oṣù tó kọjá, nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kí ìyá lè gun àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ mọ́, tó kó wá síbí, ọmọ gba fọ́ọ̀mù wá, ó sì bi í bóyá ó ń ta tẹ́tẹ́. Ìyá ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

"Ẹ ní ẹ kì í ta tẹ́tẹ́, Màmá."

"Tẹ́tẹ́ kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mò ń pè."

Ọmọ wá wo àwọn nọ́ńbà náà dáadáa. Ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà níbẹ̀, oṣù tí wọ́n bí i, àti ọjọ́ tó bá bàbá jà tó sì gbé báàgì jáde. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́, bàbá ti kú, kò gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà nílé, kò sí Sátidé tí kì í gbọ́ èsì lótò láago mẹ́fà, bí kò tilẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Á máa sín ẹni tó ń ka orúkọ àwọn tó gba ẹ̀bùn jẹ, gbogbo ilé á sì máa rẹ́rìn-ín. Ìyá ti rò ó pé níbikíbi tó bá wà, yóò ṣì máa gbọ́ ọ. Bí òun bá jẹ, wọ́n á ka orúkọ òun, ọmọ òun á sì gbọ́.

Inú bí ọmọ obìnrin náà. Ẹni tó wọn bọ́ọ̀lù, ìyá rẹ̀ jẹ lótò: ta ló máa gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ò sí níbẹ̀? Ó lè ya ìwé náà, kó dà á nù, ẹnìkan ò ní béèrè. Bó bá sì fi tó ọ̀gá létí, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní bọ́, ṣùgbọ́n wọ́n á fagi lé ẹ̀bùn náà, rédíò á sì kéde ẹni tó rú òfin, kí ará ìlú lè mọ̀ pé wọn ò bo ẹnikẹ́ni láṣìírí. Ìyá yìí kan náà ló sì kọ́ wọn pé orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.

"Ẹ jẹ́ ká ya á, Màmá. Ìtìjú ni. Gbogbo ayé ló máa gbọ́ pé ẹ rú òfin."

"Gbogbo ayé?" Ìyá yí ohùn rédíò sílẹ̀. "Ṣé wọ́n á ka orúkọ mi jáde?"

"Wọ́n á kà á. Àti àdúgbò."

"Àdúgbò ibí ni kó o sọ fún wọn o. Ti àtijọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀."

Ọmọ fi tíkẹ́ẹ̀tì náà sílẹ̀ lórí tábìlì. Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ òun náà, àárò tó ti ń fi iṣẹ́ bò mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí. Ó gbé fóònù, ó pe ọ̀gá, ó rò fún un bó ṣe rí. Ọ̀gá bá a kẹ́dùn, ó ní òun á fi ránṣẹ́ sí rédíò, kó mú tíkẹ́ẹ̀tì náà wá ní Mọ́ńdè. Ó ní wọn kì í sábà ka nọ́ńbà ilé, àdúgbò ti tó.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó wí, "ẹ bá mi ní kí wọ́n kà á."

Kí aago tó lu mẹ́fà, ìyá ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó fi ń jáde. Rédíò fi ohùn tí wọ́n fi ń ka orúkọ ọ̀daràn ka orúkọ rẹ̀, ó ka òpópónà, ó ka ilé kẹtàdínlógún. Ọmọ tẹjú mọ́lẹ̀.

"Wọ́n pè é dáadáa," ni ìyá wí.

Ọmọ dìde kó lọ ti ilẹ̀kùn bó ti máa ń ṣe lásìkò yẹn. Ó débẹ̀, ó dúró. Ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó sì padà wá bá ìyá rẹ̀ yí àga kọjú síta.