Ohùn Bàbá Nínú Dísìkì Àtijọ́

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ fara kínra, kí ẹni tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wọlé kó sì tì í. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn gan-an ni mo gbé dé.

Ìyá Aránṣọ kan wà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Kọ̀ǹpútà tí bàbá náà fi sílẹ̀ wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, àga rẹ̀ sì wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sí i. Orin kan ṣoṣo ni bàbá gbà sínú kọ̀ǹpútà náà kó tó lọ. Bí ìyá bá tàn án, á kọ́kọ́ kùn, kẹ̀ẹ̀rẹ̀ kẹ̀ẹ̀rẹ̀, bí àgbà tó ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó máa pẹ́ kí ohùn tó jáde:

"Èmi ni, ṣílẹ̀kùn o."

Á pa rọ́rọ́. Á tún ní, "Èmi ni, ṣílẹ̀kùn o." Á tún pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín. Ẹ̀rín lásán, láìsí ẹni tó dápàárá! Lẹ́yìn rẹ̀, ìlà kan péré, orin parí.

Orí ọmọ rẹ̀ obìnrin a sì wú. "Màámi, ẹ jẹ́ ká ju nǹkan yìí nù."

"Lọ ju ìyá ọkọ ẹ nù ná. Orin wa nìyẹn. Ẹ̀rọ yìí ló ń gbé ìdajì rẹ̀ mì. Odindi rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ kí n tó kú."

Ìyá tó máa ń kọrin títí abẹ́rẹ́ á fi máa jó, láti ìgbà ìsìnkú, kò la ẹnu kọrin mọ́.

Ni wọ́n bá pe obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Wáyà. Ó tú u, ó tẹ́tí sí ikùn rẹ̀, ó mirí.

"Ìyá mi, awo kan ló ń yí nínú dísìkì yìí, níbi tí orin yín wà, ó ti gbó. Ọjọ́ tó bá dákẹ́, ó dákẹ́ nìyẹn, tòun torin yín. Ẹ wo dísìkì tuntun, SSD ni wọ́n ń pè é. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ó yá bí àṣá, kì í sì í kùn."

"Kì í kùn kẹ̀?" Àyà ìyá já. "Báwo ni màá ṣe máa mọ̀ pé wọ́n wà nílé?"

"Àwọn ta ni?"

Ìyá nawọ́ sí àga bàbá. Ìyá Wáyà wo àga òfìfo yẹn, ó rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí orin, ìyá gbà. Ìyá Wáyà so dísìkì méjèèjì pọ̀, ó ń da ohun tó wà nínú àtijọ́ sínú tuntun. Àtijọ́ ń kérora, gbogbo wọn di èémí mú. Bó ṣe kó èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀, ó kùn lẹ́ẹ̀kan péré, ó dákẹ́. Ìyá fi ọwọ́ kàn án. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara èèyàn.

Wọ́n de tuntun mọ́ ipò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tàn kíá, láìdún pínnín. Ìyá tẹ orin. Ó dúró, ó dúró.

"Èmi ni, ṣílẹ̀kùn o." Rọ́rọ́.

Ìyá bú sẹ́kún. "Ó ṣì ń gbé e mì!"

"Ẹ má sunkún," ni Ìyá Wáyà wí, ó ti tẹ́tí sí i dáadáa. "Kò sí ohun tó gbé nǹkan mì. Bàbá fúnra wọn ló dánu dúró. Ẹ gbọ́, wọ́n ń mí, wọ́n ń fẹsẹ̀ lulẹ̀. Ta ló máa ń lé orin yìí?"

"Èmi ni."

"Ẹ wá ń sunkún! Ègbè ni wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

Ìyá nu ojú. Ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, ó tẹ orin láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi ohùn tó ti gbẹ lé e:

"Ta ní ń kan ilẹ̀kùn mi o?"

"Èmi ni, ṣílẹ̀kùn o."

"Aṣọ kún ọwọ́ mi, ta ni o?"

"Èmi ni, ṣílẹ̀kùn o."

Nígbà tó kan ìlà kẹta, ìyá gbàgbé ọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Ó ń kólòlò. Ibẹ̀ gan-an ni bàbá bú sẹ́rìn-ín. Òkú ń fi àṣìṣe tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe rẹ́rìn-ín!

"Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o jàre!" ni ìyá jágbe, lòun náà bá ń rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ mú bọ̀ wálé fún mi o?"

"Ara mi ni mo mú bọ̀ o."

Kó, kó, kó! Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin fò mọ́ Ìyá Wáyà lọ́rùn, Ìyá Wáyà fò mọ́ ògiri.

"Ta ni o?" ni ìyá bi, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

"Àwa ará ilé kejì ni! Ìyá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń kọrin yẹn?"

Ìyá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Ó tọ́jú dísìkì àtijọ́ sínú àpótí òwú rẹ̀, ó gbé ìrẹsì kaná. Wọ́n jẹun, wọ́n gbè é lórin, ìyá ṣi ìlà kẹta ní gbogbo ìgbà, ẹ̀rín bàbá kò sì pẹ́ dé rí. Nígbà tí kálukú yó bámúbámú, wọ́n gba ilé wọn lọ tayọ̀tayọ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ máa lọ sílé yín. Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i.