Bóà Niken tàbí Òjòlá Ọjà

"Gbé orí rẹ̀ lé ọwọ́ òsì, Mas Galih. Má dì í mú pinpin. Jẹ́ kó wọ́ lọ síbi tó bá wù ú."

Niken ló ń sọ̀rọ̀, ó ń fi "Mas" pe Galih bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin ní ìlú wọn, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí ọrùn-ọwọ́ Galih. Ọmọ bóà, irú ejò ńlá kan tí kò lóró, tó wà láàárín àwọn méjèèjì kò nípọn ju ìka lọ. Ratri jókòó sórí àga ọparun nítòsí ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ejò ló ń wò. Ọwọ́ yẹn ló ń wò, ó sì dá a lójú pé ó yẹ kó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Ìgbéyàwó Ratri àti Galih ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Yàrá tí wọ́n gbà ní ìlú Malang kò lè gba ju àpótí onígíláàsì kan lọ, nítorí náà ejò kan ṣoṣo ni wọ́n máa sìn. Bóà ni Galih fẹ́. Ratri kò bá bóà jà. Ẹni tó ni bóà ló ń bá jà nínú ọkàn rẹ̀, nítorí Niken yìí kan náà ni olólùfẹ́ Galih fún ọdún méjì gbáko kó tó di pé ó mọ Ratri.

Ìyá bóà náà ti bí mọ́kànlá lóṣù tó kọjá, nítorí bóà kì í yé ẹyin bí òjòlá, ààyè ọmọ ló ń bí. Niken ṣàlàyé pé ẹni tó bá gba ọmọ lọ́wọ́ òun gbọ́dọ̀ máa fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sóun ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú ohun tó jẹ àti bó ṣe wúwo tó, títí ọdún kan á fi pé. Bí àwọn tó ń bí ejò nílé ṣe ń ṣe láàárín ara wọn nìyẹn. Ó tún ní ìgbàkígbà tí Galih bá pe òun, òun á gbé e.

Ratri rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọjọ́ Àìkú méjìléláàádọ́ta. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé òrìṣà-jẹ́-n-pé-méjì obìnrin kò dénú.

Nígbà tí òun àti Galih dé ìdí alùpùpù, Ratri ní òjòlá lòun fẹ́.

"Òjòlá kẹ̀?" ni Galih wí. "Ìwọ tó o sọ lánàá pé bóà lẹ́wà?"

"Àná nìyẹn. Òjòlá kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà ẹyẹ yẹn ò ní wàhálà. Tẹ́rù bá bà á, á ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, á forí pamọ́. Kì í di ọwọ́ ọkọ ọlọ́kọ mú."

Galih rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti alùpùpù. Ó bi í bóyá ejò ló ń jowú ni àbí èèyàn.

"Ejò wo ló ń gbé fóònù?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu Galih. Ó ní ó dáa, kí àwọn máa lọ sọ́jà ẹyẹ. Bí kò ṣe bá a jiyàn rárá yẹn gan-an ló dun Ratri.

Lẹ́yìn àwọn àgò ẹyẹ, bàbá kan tó dé fìlà dúdú gbé òjòlá kan jáde látinú abọ́ ike. Ó búra pé ó jẹun lánàá. Ó ní bí wọ́n bá ti rà á, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n léèrè rẹ̀ mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí Ratri bí oyin. Ó gbà á, ejò náà sì ká jọ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ejò náà gbórí sókè, Ratri gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ń dún fín-ín fín-ín bíi ti ẹni tí àyà ń dùn. Ìfófòó wà létí ẹnu rẹ̀, kòkòrò dúdú kéékèèké sì ń rìn nínú àwọn ihò tó wà létè rẹ̀. Galih fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yẹ ejò wò, ṣùgbọ́n lónìí Galih ò yẹ nǹkan kan wò. Bí Ratri bá dákẹ́, ejò yìí lè kú sí wọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Àìkú á jẹ́ tiẹ̀. Ó wù ú kó dákẹ́. Ká sòótọ́, ó wù ú gan-an.

"Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?" ni Galih bi í. "Tó bá ti tẹ́ ọ lọ́rùn, a ti rà á."

Ratri dá a padà. "Ara rẹ̀ ò yá, bàbá. Ẹ gbọ́ èémí rẹ̀."

Bàbá ní òtútù àárọ̀ ni. Galih gbé ejò náà sétí, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó bẹ bàbá kó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, kó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bí wọ́n ṣe ń jáde, ó ní òun ì bá gbé e délé láìmọ̀, ojú òun ò sí lára rẹ̀ rárá.

"Ibo lojú ẹ wà?"

"Ara ẹ ni."

Nígbà tí Ratri gun alùpùpù, òun ló ní kí Galih yí i padà sílé Niken, kí àwọn lọ gba bóà yẹn.

Niken mú ìwé tó ń kọ àwọn tó gba ọmọ ejò sí, ó kọ orúkọ Galih. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà fóònù Galih láìbi ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ ọ́n lórí. Galih dojú kọlẹ̀.

"Mbak Niken," ni Ratri wí, ó pè é bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìyẹn rẹ́. Tèmi ni kẹ́ ẹ kọ."

Bírò dúró. "Ṣé ìwọ lo máa máa wọn ejò?"

"Èmi ni. Gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ẹ máa gbúròó mi títí tí mo fi máa sú yín."

Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn. Ratri rí i pé ìfẹ́ náà kò tíì kúrò lójú Niken, àánú rẹ̀ sì ta á lọ́kàn díẹ̀. Díẹ̀ náà kò tó láti mú kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Niken fa ìlà kọjá lórí nọ́ńbà Galih. Ratri wá ń ka nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì dúró kí Niken kà á padà sí òun létí.