Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Alùpùpù Nọ́ọ̀sì

Irùngbọ̀n ọkùnrin náà ti ń funfun, síbẹ̀ Kékeré ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Àgbà. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni àwọn méjèèjì jọ fi tún alùpùpù ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù onípáànù kan. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí Àgbà ti kú, àwọn èèyàn ò sì yé pe àbúrò ní Kékeré, àfi bíi pé ẹ̀gbọ́n tó kéré sí ṣì jókòó síbẹ̀.

Alùpùpù nọ́ọ̀sì ni Àgbà ń tún ṣe lọ́jọ́ tó ṣubú. Ó ti tú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti yọ bẹ́rìn tó ń mú kó yí, tó ti jẹ, kúrò, ó wá rán àbúrò rẹ̀ lọ ra tuntun. Kékeré lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó pẹ́ lọ́hùn-ún. Ó dúró wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń bá wọn pariwo gbá-a-wọlé bí ẹni tí wọ́n fi ṣe kóòṣì. Nígbà tó fi máa dé, wọ́n ti gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ọsibítù, kò sì bá a láàyè mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè wojú ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Níbi ìsìnkú, ẹ̀yìn èrò ló dúró sí, ó sì yọ́ lọ. Òpópónà méjì péré ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé obìnrin náà, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti débẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì fẹsẹ̀ rìn wá, eruku ti bò ó dé orúnkún.

“Ẹ má bínú o,” ó ní. “Mi ò fẹ́ dààmú yín, mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ti ń wú. Aláìsàn mọ́kànlá ni mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ bá nílé.”

“Ẹ wá mú un ní ìrọ̀lẹ́,” ni Kékeré dáhùn.

Ó jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó gbá bẹ́rìn tuntun wọlé, ó fi gírísì sí i, ó to bíréèkì padà, ó gbé ṣéènì kọ́. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, bó ṣe máa ń ṣe, kí ẹnì kan fi búṣì lé e lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan lé e. Ọwọ́ náà pẹ́ níbẹ̀ kó tó fà á padà.

Búṣì yìí kò ju òrùka irin kan lọ, àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti apá irin tó gbé e dúró ló máa ń wà, kí wọ́n má baà ha ara wọn. Kékeré wá a nínú àwo, ó fi ọwọ́ jọ yẹ̀pẹ̀ ilẹ̀, kò rí i. Ó mú òmíràn nínú agolo àlòkù, ó fi dè é. Ẹsẹ̀ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà sì ń ha irin. Ó mú èyí tó nípọn díẹ̀, ìyẹn ò tilẹ̀ wọlé. Ó tún gbogbo rẹ̀ tú.

Ó mọ ibi tí búṣì wà. Ó ti mọ̀ ọ́n láti àárọ̀, ó kàn ń tan ara rẹ̀ ni. Àgbà kì í gbé búṣì sílẹ̀ láéláé, àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ ló máa ń jù ú sí. Tó bá tó àkókò, á ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ táyà, á gbé e sókè díẹ̀, á wá na búṣì sí àbúrò rẹ̀, á ní, “Gbà.” Ẹ̀wù náà sì ti wà lọ́dọ̀ ìyàwó.

Nígbà tó délé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi òwú dúdú kan sọ́rùn, búṣì ló so mọ́ ọn. Ta ni yóò já ohun tí ọkọ fi sílẹ̀ gbà lọ́rùn opó?

“Mo ní kí n wá kí yín ni, ìyàwó wa.”

“Ẹ ṣeun, ọkọ mi.”

Kékeré bèèrè bóyá òrùlé ń jò. Obìnrin náà ní kò jò. Ó ní ìyẹn dáa. Ó yíjú padà láti máa lọ.

“Ẹ ò tíì gba ohun tẹ́ ẹ wá gbà,” ni obìnrin náà wí.

“Kí ni mo wá gbà?”

“Búṣì. Ogún ọdún ni mo fi ń fọ aṣọ onígírísì. Àìmọye búṣì ni mo ti bá nínú omi ọṣẹ.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò fi ránṣẹ́ sí mi?”

“Tí mo bá fi ránṣẹ́, ẹ ò ní wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ mi! Mò ń gbọ́ ìró òòlù yín láti ibí.”

Omi lé ròrò sójú Kékeré. “Mo pẹ́ lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò.”

“Mo mọ̀. Ẹni tó ta bẹ́rìn fún yín ti sọ fún mi. Inú bí mi, ó ṣì ń bí mi díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé yìí dákẹ́ jù.” Ó tú òwú náà, ó na búṣì sí i. “Gbà. Tẹ́ ẹ bá ti dè é tán, kí lẹ tún máa wá gbà níbí?”

Kékeré gba búṣì, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ó fi pákó gbé táyà sókè, nítorí kò sí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mọ́. Búṣì wọ àyè rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó dè é, ó yí ẹsẹ̀ náà, ó ń yí lọ láìdún. Ní ìrọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì gùn ún lọ, ó sì ku Kékeré nìkan àti ibi tí alùpùpù wà tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ré òpópónà méjì kọjá.

“Kí lẹ wá gbà, ọkọ mi?”

“Kò sí nǹkan kan.”

Obìnrin náà wọlé, ó sì gbé àga Àgbà jáde fún un.