Kóòtù Ẹni Karùn-ún

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ni. Ìkúukùu ti bo ojú ọ̀run láti àárọ̀. Òjò kò rọ̀, oòrùn kò sì yọ, ooru kan ṣáà ń mú tí ó mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ gbogbo ènìyàn lára. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Fèrè, olórí Ẹgbẹ́ Ìrọ̀lẹ́, gbé ìdì aṣọ dúdú kan wá sí ìsọ̀ Aránṣọ. Ó kí i tán, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí kò dá lójú pé wọn yóò ní kí òun jókòó.

Aránṣọ kò sì ní kí ó jókòó.

Gbogbo ìgboro ni ó fẹ́ràn orin Ẹgbẹ́ Ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ bí wọ́n bá ń re ilé ìwé, àwọn awakọ̀ ń fi ọwọ́ lu ìdarí ọkọ̀ sí i. Aránṣọ nìkan ni kò fẹ́ ẹ gbọ́. “Ẹgbẹ́ Alágolo” ni orúkọ tí ó sọ wọ́n, nítorí ó ní bí ẹni ń gbá agolo kiri ojú pópó ni orin wọn rí. Onídìrí, tí ìsọ̀ rẹ̀ fara ti tirẹ̀, a máa yí rédíò sókè bí orin wọn bá ti bẹ̀rẹ̀, Aránṣọ a sì pa fèrèsé dé gbàgà.

“Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ, ẹ ṣí fèrèsé o! Ooru á pa yín síbẹ̀ nítorí orin lásán.”

“Kí ooru pa mí. Ó sàn ju kí àwọn Alágolo yẹn fi ariwo pa mí lọ.”

Onídìrí a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àbúrò Aránṣọ, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ni ó ń ta gìtá fún Ẹgbẹ́ Ìrọ̀lẹ́. Aránṣọ ni ó tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Òun ni ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́, bí a ṣe ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ara aṣọ, bí a ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ láìkánjú. Nígbà tí ọmọkùnrin náà pé ogún ọdún, tí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, ó ní òun fẹ́ bá àwọn olórin lọ. Aránṣọ dá a lóhùn pé, “Bí o bá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ nítorí gìtá, má fi ojú rẹ hàn mí mọ́.” Ẹyin lohùn, èyí fọ́, kò sì sí ẹni tí ó ṣà á. Fún ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò yìí ń ránṣẹ́ pé kí ẹ̀gbọ́n òun wá gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan péré. Aránṣọ kò lọ. Nígbà tí ibà wá kọ lu ọmọkùnrin náà níbi tí wọ́n ti lọ ṣeré ní ìlú mìíràn, Aránṣọ wọ ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ti kan pósí kí ó tó débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe rí i mọ́ láti ọjọ́ tí ó ti jáde nílé.

Ọ̀gá Fèrè gbé ìdì aṣọ náà lé orí tábìlì. “Ẹ̀gbọ́n, kóòtù la fẹ́ kí ẹ bá wa rán. Márùn-ún.”

“Mẹ́rin lẹ kù.”

“Mẹ́rin la kù, mà. Ìkarùn-ún, ti àbúrò yín ni. A ò tíì fi ẹnikẹ́ni sípò rẹ̀. Orí àga rẹ̀ la máa gbé e kọ́, láàárín wa.”

“Ta ló ti ń rán aṣọ yín látẹ̀yìnwá? Ẹ padà sọ́dọ̀ rẹ̀.”

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. “Àbúrò yín ni, mà. Òun ló ń rán gbogbo aṣọ wa. Ibikíbi tá a bá lọ, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ kí gìtá tó wọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun.”

Aránṣọ fi ọwọ́ kan etí aṣọ dúdú náà, ó fà á, ó tún un fà. Ohùn rẹ̀ ti yí padà nígbà tí ó ní, “Jókòó.”

Ó wọn Ọ̀gá Fèrè ní ọjọ́ náà. Ní ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́ta yòókù wá: Onílù, Atẹdùùrù, àti Olóhùn, obìnrin tí ó ń lé orin. Bí ó ti wọ̀n wọ́n tán, Ọ̀gá Fèrè rọra ní, “Ìwọ̀n tàbúrò yín ńkọ́, mà? Bóyá kí n sọ díẹ̀ fún yín, torí pé…”

“Èmi lo fẹ́ sọ ìwọ̀n àbúrò mi fún? Èmi tí mo rán aṣọ àkọ́kọ́ tó wọ̀ láyé?”

“Ẹ má bínú, mà.”

Ì bá dára ká ní ó jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wo ni yóò jẹ́wọ́ lójú àlejò pé òun kò mọ bí àbúrò òun ṣe sanra tó? Aránṣọ fi ojú inú wọ̀n ọ́n. Ọmọ ogún ọdún tí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó rí, òun ni ó sì gé kóòtù fún. Nígbà tí Ọ̀gá Fèrè wá kó aṣọ, ó gbé ìkarùn-ún sókè, ó la ẹnu, ó sì tún un pa dé. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Lẹ́yìn eré àkọ́kọ́, wọ́n kó kóòtù márààrún padà wá pé kí ó tún wọn lọ̀. Mẹ́rin rún bí aṣọ tí a wọ̀ ṣe máa ń rún. Ìkarùn-ún ni ó mú kí Aránṣọ gbé áyọ́ọ̀nù sọ̀ kalẹ̀. Ojú ìrán ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín èjìká méjèèjì, ti fà débi pé òwú ń yọ eyín. Ó ti já lábẹ́ apá ọ̀tún. Ọ̀rinrin òógùn sì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Ta ló wọ̀ ọ́?” ni ó bi Ọ̀gá Fèrè.

“Kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́, mà. Orí àga ló wà lójú gbogbo èrò.”

“Aṣọ tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀ kì í ya lábẹ́ apá.”

“Mo mọ̀, mà.” Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. “Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ gbé e wá.”

Aránṣọ kò gbà á gbọ́. Ó tú ojú ìrán náà, ó fi díẹ̀ kún un nínú aṣọ tí ó ti ṣẹ́ sí inú, nítorí aránṣọ tí ó bá mọṣẹ́ kì í gé aṣọ kó má ku nǹkan sí inú. Lẹ́yìn náà ni ó mú abẹ́rẹ́, tí ó rán iwájú kóòtù náà pọ̀ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, àfi kí ó já òwú yẹn.

Nígbà tí kóòtù náà tún padà dé, òwú iwájú wà bí ó ti rán an, kò yẹ̀. Ẹ̀yìn ni ó fà. Abẹ́ apá ni ó já.

Aránṣọ jókòó. Ó gbé kóòtù náà lé orí itan. Ó ń fi ìka wo ibi tí ó fà, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe fún oníbàárà tí ó bá sọ pé aṣọ fún òun. Ó rí i pé èjìká àbúrò òun ti gbòòrò. Ó rí i pé àyà rẹ̀ ti kún. Ó fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, ó sì dá a padà fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan: kóòtù yóò dé, yóò fi ibi tí ó ń há hàn án, Aránṣọ yóò tú u, yóò fún un láàyè. Ohun tí ó kọ̀ láti wò fún ọdún mẹ́sàn-án ni ọwọ́ rẹ̀ ń kọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kò yé e: ìdí tí abẹ́ apá ọ̀tún fi máa ń já nígbà gbogbo tí ti òsì kì í já. Irú ìṣe wo ni ó ń fi apá yẹn ṣe? Ẹni tí kò rí onígìtá nídìí gìtá rí kò lè mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Aránṣọ kan ilẹ̀kùn Onídìrí.

“Yá mi ní rédíò rẹ.”

Onídìrí di òòyà mú sí òkè orí oníbàárà. “Kí lẹ fẹ́ fi í gbọ́?”

“Orin wọn.”

“Orin ta ni?”

“Ṣé wàá yá mi tàbí o ò ní yá mi?”

“Ẹ̀yin èèyàn, ẹ bá mi gbọ́! Ẹ̀gbọ́n Aláṣọ fẹ́ gbọ́ Alágolo!” Ṣùgbọ́n ó yọ rédíò náà lára ògiri, ó fi wáyà rẹ̀ wé e dáadáa, ó sì fi kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin lé e lórí. “Ẹ má jẹ́ kó já bọ́ o. Òun lọkọ mi.”

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gìtá nìkan ni Aránṣọ ń wá nínú orin náà, bí ẹni tí ó ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpò ìrépé aṣọ. Bí gìtá bá ti dáhùn, yóò gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè nídìí ẹ̀rọ, yóò jù ú sílẹ̀, títí ó fi mọ irú ìjùsílẹ̀ tí ń já òwú. Ọmọ náà a máa ju apá rẹ̀ sílẹ̀ láti òkè bí ẹni tí ń gbọn omi kúrò lọ́wọ́. Aránṣọ fi ìrépé aṣọ onígun mẹ́rin sí abẹ́ apá yẹn kí apá lè ráyè. Kóòtù náà lọ, ó sì bọ̀. Kò já mọ́. Kò fà níbì kankan. Ó ti bá ara àbúrò rẹ̀ mu.

Ó yẹ kí ó dá rédíò padà ní ọjọ́ náà. Kò dá a padà. Ó ti ń retí ibi tí Onílù ti máa ń falẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé, kí ó tó sáré bá àwọn yòókù. Ó ti mọ ibi tí Olóhùn yóò ti sọ ohùn kalẹ̀ tí yóò fi kọ ọ́ pé:

*Má kanlẹ̀kùn mọ́, wọlé,*
*ìjókòó rẹ ṣì wà.*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, orin kan parí, ó sì rí i pé òun ti gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun sì ti bá wọn gbè é, bẹ́ẹ̀ ni kò sí gìtá nínú rẹ̀ rárá. Wọ́n ti kọ ọ́ kí àbúrò rẹ̀ tó bá wọn lọ. Ó da orin náà padà, ó tún un gbọ́. Ó dùn. Òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ sókè pé, “Ó mà dùn o.”

Ohùn Onídìrí wọlé láti ẹ̀yìn ògiri. “Mo gbọ́ yín o! Kí ló dùn?”

“Pa ẹnu rẹ dé, kí o dirun onírun.”

Àwọn ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn èyí, Ọ̀gá Fèrè wá pẹ̀lú kóòtù ìkarùn-ún nìkan lápá. Ó jókòó kí wọ́n tó sọ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n, orin wa ti ń kú. Ibi tó yẹ kí gìtá ti dáhùn, gbogbo wa la máa ń dákẹ́, àwọn èrò náà á sì dákẹ́. Wọ́n ti ń wò wá bíi ẹni ń wo ilé òkú. A ti rí ọmọ kan. Tínínrín là ń pè é. Ó mọ gìtá ta. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè jókòó tó bá jẹ́ pé kóòtù yìí ló wà lórí àga. Mi ò lè dá a lẹ́bi.”

“Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe?”

“Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa ṣe. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà lórí àga bẹ́ẹ̀, ọmọ náà á máa lọ, àwa náà á sì tú ká. Tẹ́ ẹ bá gbà, kẹ́ ẹ dín in mọ́ ọmọ náà lára, kó máa wọ̀ ọ́.”

Ó fi kóòtù náà sílẹ̀ fún un láti rò ó. Aránṣọ gbé e kọ́ sí ara ògiri, ó sì ń wò ó. Bí ó bá dín in, ó ní láti gé e, nítorí aṣọ tí ó bá kún jọ sí ẹ̀yìn kì yóò jẹ́ kí okùn tí a fi ń gbé gìtá kọ́ èjìká jókòó. Ara tí ó fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀ mọ̀ yìí yóò sì lọ sí abẹ́ àlùmọ́gàjí. Bí kò bá dín in, a jẹ́ pé yóò ní i, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò máa kọrin mọ́. Ó ń yí rédíò sí ìhà kóòtù náà ní ojoojúmọ́. Ní òwúrọ̀, yóò fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀: ó gbẹ. Yóò fi ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀: ó gbẹ. Kò fà, kò já, kò rin. Ní ìsọ̀ yìí, aṣọ lásán ni. Ó wá yé Aránṣọ pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ni àbúrò òun ń wá. Ibi tí àwọn mẹ́rin yẹn bá ti ń kọrin ni ó ń wá.

Ní ọjọ́ tí yóò lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dánra wò, Onídìrí rí i tí ó gbé kóòtù náà, téèpù, abẹ́rẹ́ àti àlùmọ́gàjí, ó ti ìsọ̀, ó sì tẹ̀ lé e láìbéèrè ohunkóhun.

Tínínrín dìde nígbà tí ó rí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, kò sì mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

“Dúró dáadáa,” ni Aránṣọ wí. “Mi ò ní gún ẹ.”

“Ẹ̀rù ló ń bà mí, mà.”

“Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Gbé apá sókè.”

Ó wọ̀n ọ́n. Apá rẹ̀ gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, àyà rẹ̀ sì rí pẹlẹbẹ bí ọpọ́n. Aránṣọ tẹ́ kóòtù náà sórí tábìlì, ó fa ìlà, ó fi ọwọ́ kan dí ẹnu, ó sì gé e. Ó mú abẹ́rẹ́, ó rán an tán. Tínínrín wọ̀ ọ́, ó jókòó sórí àga, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí gbogbo wọn máa ń dákẹ́ sí dé. Gìtá dáhùn. Kò rí bíi ti ẹni tí ó lọ. Ó yára jù, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀. Onílù falẹ̀, ó dúró dè é, àwọn méjèèjì jọ dé. Omijé ń bọ́ lójú Aránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń lu ilẹ̀.

Bí orin náà ti parí, ó ní kí Tínínrín wá. Ó yí i sẹ́yìn. Ó fi ìka tọ ojú ìrán láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó gbé apá ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi tí ó fà. Òógùn tí ó wà lọ́rùn kóòtù náà, òógùn ọmọ náà ni, ó ṣì ń ṣàn. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i lẹ́yìn, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ara ọmọ náà sì gbóná.

“Àbúrò mi ti lọ,” ni ó wí.

Ọ̀gá Fèrè sọ fèrè kalẹ̀. “Ṣé ká dáwọ́ orin dúró, mà?”

“Nítorí kí ni? Ẹ tún un kọ. Ẹ̀yin Alágolo yìí, ẹ tún un kọ fún mi.”

Wọ́n tún un kọ. Àwọn tí ó wà nínú gbọ̀ngàn náà ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn nìwọ̀nyí: Ọ̀gá Fèrè, Onílù, Atẹdùùrù, Olóhùn, àti Tínínrín tí ó ń ta gìtá, ọkùnrin tí ó ń gbá gbọ̀ngàn, tí ó fara ti ìgbálẹ̀ rẹ̀, Onídìrí, tí ó dúró nítòsí ilẹ̀kùn, àti Aránṣọ, tí ó jókòó ní iwájú. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.