Ẹ̀rọ Méjì, Àwo Kan

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá tó wà níjòókòó, ǹ bá ti bá ẹ̀gbọ́n mi wọ̀yá ìjà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ tó ń lu àwo orin yẹn. Kíákíá là ń pè é láti kékeré, torí kò sóhun tó ń ṣe tí kì í kánjú. Bó bá ń jẹun, ẹ ó rò pé wọ́n fẹ́ gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó ti di ọkọ, ó ti di baba ọmọ, ó ṣì ń kánjú.

Ohun tó gbé wa débẹ̀ nìyí. Inú àwo orin kan ṣoṣo ni ohùn ìyá wa tó ti dolóògbé kù sí. Kí wọ́n tó bí mi ni ìyá wa ti lọ kọrin sínú rẹ̀ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń gba ohùn èèyàn sílẹ̀, wọn ò sì ṣe ju ẹyọ kan lọ. Kásẹ́ẹ̀tì tí mo gbà á sí nígbà kan, rédíò ti jẹ ẹ́, ó ti bà á jẹ́. Gíramafóònù Bàbá náà ti dákẹ́ pátápátá, èyí tí wọ́n máa ń lẹ kọ́bọ̀ mọ́ lápá kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ má bàa máa fò. Látìgbà tó ti dákẹ́ ni Bàbá ò ti gbọ́ ohùn ìyàwó wọn mọ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, wọ́n kàn máa ń gbé àwo náà sórí itan bí ẹni gbé ọmọ.

Ọlọ́jà tó ni ṣọ́ọ̀bù náà fi gíláàsì ojú rẹ̀ wo àwo náà lọ, ó wò ó bọ̀.

"Bàbá, kọ́bọ̀ tẹ́ ẹ ní ẹ lẹ̀ mọ́ apá gíramafóònù yẹn ló jẹ́ kí abẹ́rẹ́ fá a báyìí. Àwo yìí rọ̀, kì í ṣe bíi tàwọn tí wọ́n ń tẹ̀ ní ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé e sí i ni abẹ́rẹ́ á máa jẹ díẹ̀ lára rẹ̀. Ẹ má máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́ o. Bí abẹ́rẹ́ bá sì fi lè já lù ú, ó parí nìyẹn."

Bàbá ní àwọn ti gbọ́. Ọlọ́jà wá gbé ẹ̀rọ méjì síwájú wa. Èkínní dúdú, ó ń dán. Ẹ ó kàn tẹ bọ́tìnnì, apá tó di abẹ́rẹ́ rẹ̀ mú á dìde fúnra rẹ̀, á lọ sọ̀ sórí àwo, bí orin bá sì tán, á padà sáyè rẹ̀. Èkejì jẹ́ onígi, kò mọ nǹkan kan ṣe fúnra rẹ̀. Ọwọ́ lẹ ó fi gbé apá rẹ̀ lọ, ẹ ó wá fi ọ̀pá kékeré kan sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ọ̀rọ̀ ti bùṣe!" Kíákíá ti ń nawọ́ sí èyí tó dúdú. "Ọwọ́ Bàbá ń gbọ̀n látìgbà tí wọ́n ti ṣàìsàn. Bọ́tìnnì lásán ni wọ́n á máa tẹ̀. Wọn ò ní nílò ẹnikẹ́ni."

"Bọ̀dá mi, ẹ rọra. Èmi ò fọkàn tán ohun tó ń dá rìn. Apá onígi yẹn ló fúyẹ́ jù."

"Ta ló máa wá máa gbé apá tó fúyẹ́ sórí àwo fún wọn? Ìwọ? Ìgbà wo lo délé gbẹ̀yìn?"

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi wọnú egungun. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tẹ́ ẹ máa ń kí wọn látojú fèrèsé ọkọ̀, tẹ́ ẹ ò ní pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀?"

 Bàbá jókòó sórí àpótí, àwo wà lórí itan wọn nínú páálí rẹ̀. Ojú ti èmi fúnra mi.

Ọlọ́jà ní ká má bínú, òun á fi àwo tòun dán èyí tó dúdú wò. Ó tẹ bọ́tìnnì. Apá dìde, ó yí, ó sọ̀ pẹ̀lẹ́ sétí àwo, orin sì jáde kedere láìfò. Kíákíá wò mí tayọ̀tayọ̀ bí ẹni tó ti jàre ẹjọ́.  Ìgbà yẹn gan-an lẹnì kan pe ọlọ́jà níta, ó gbé àwo tirẹ̀ kúrò, ó sì jáde.

Kí n tó mọ̀, Kíákíá ti mú àwo ìyá wa lórí itan Bàbá, ó ti yọ ọ́ nínú páálí, ó ti fi sórí ẹ̀rọ, ó ti tẹ bọ́tìnnì.

Mo wo àwo náà. Ó kéré sí ti ọlọ́jà! Rọ́bà dúdú tí ẹ̀rọ náà fi ń gbé àwo yọ yí i ká, ó fẹ̀ tó ìka méjì. Ibi tí àwo ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sì ni apá yẹn mọ̀, kò mọ ibòmíràn. Ó dìde, ó yí, ó dúró sókè rọ́bà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Bó bá balẹ̀ síbẹ̀, á máa ta pọ́ún pọ́ún títí á fi já lu àwo, á sì fá a dé àárín.

"Bọ̀dá, ẹ dá a dúró!"

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó tún un tẹ̀. Apá ò dá a lóhùn, ó ń sọ̀ bọ̀. Mo ti ìka mi sábẹ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ gún mi, apá ń tì mí, àwo ń yí gbirigbiri lábẹ́ ọwọ́ mi, mi ò sì gbọ́dọ̀ mira.

"Ẹ gbà mí o! Ọlọ́jà!"

Ó sáré wọlé, ó fa wáyà iná yọ. Àwo rọra dúró. Kò sí ohun tó ṣe é. Kíákíá fara ti ògiri, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Díẹ̀ ló kù kí n jẹ́ kí ìyá wa kú lẹ́ẹ̀kejì," ó wí.

Bàbá ò bá a wí. "Gbé e sórí èkejì," wọ́n sọ fún mi.

Mo gbé e sí i. Mo di èémí mú, mo fi ọ̀pá kékeré yẹn sọ apá náà kalẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń ta páú páú bí ìgbà téèyàn ń dín nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ìyá wa húkọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ṣé ó ti ń gba ohùn mi ni?" Orin wá bẹ̀rẹ̀. Bàbá di ojú. Nígbà tó parí, mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò.

Ọlọ́jà ní, "Bàbá, ẹ má torí èyí bẹ̀rù èyí tó dúdú. Mo lè tún un ṣe kó máa sọ̀ sétí àwo yín gan-an. Kò ní ṣì í mọ́ láé."

Kíákíá gbójú sókè. Èmi náà gbà, ká má parọ́. Bó bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo tún ń jà sí?

"Mo gbọ́," Bàbá wí. "Onígi ni mo fẹ́."

"Bàbá, ẹ ò lè dá a lò," Kíákíá wí.

"Mo mọ̀."

"Ta ló máa wá máa gbé e sí i fún yín?"

Wọ́n wo Kíákíá, wọ́n wò mí. "Ohun témi náà ń bi yín nìyẹn. Wọ́n ní ká má máa gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Èmi náà ò ní kẹ́ ẹ máa wá lójoojúmọ́."

 Kíákíá, ẹni tí kì í jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀ kó tó dáhùn, ó kọ́kọ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá.

"Sátidé, Bàbá."

"Sátidé wo?"

Kíákíá wò mí. Ìka mi ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀, mo fà á yọ lẹ́nu.

"Gbogbo Sátidé, Bàbá," mo wí.